Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn àti Ìgbà tí ó yẹ kí a ké sí Ènìyàn

Ìwọ ọ̀rẹ́ mi tí ò ń ka ìwé yìí, ìwọ náà mọ̀ pé ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá tí a kò ní ìkíni fún kò pọ̀. Bí ẹnì kan bá fi ẹsẹ̀ kọ lójú ọ̀nà, àní ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí yóò wí fún un pé, 'Pẹ̀lẹ́ o.' Bí òjò bá pa á, a ó kí i kú òjò. Bí ó bá jókòó, a ó kí i kú ìjókòó. Bí ó bá bímọ, a ó kí i kú ewu ọmọ. Bí ikú bá sì mú ẹni rẹ̀ lọ, a ó kí i kú ará-fẹ́ra-kù. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ọgbẹ́ lára, tí kò ní òkú nílẹ̀, tí kò jẹ gbèsè, tí inú rẹ̀ sì ṣókùnkùn bí òru, kí ni a máa ń kí i? A máa ń bi í pé, 'Ta ló ṣẹ̀ ọ́ tí o fi ń fajú ro báyìí?' Ẹ̀sùn nìyẹn, kì í ṣe ìkíni.

Àìsàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Èmi ń pè é ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Àwọn mìíràn ń pè é ní ìsoríkọ́. N kò sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí dókítà, nítorí pé tíṣà ni mí. Mo ń sọ ọ́ nítorí pé ó ti ṣe mí rí, àti nítorí pé kí ó tó ṣe mí, mo ti fi ẹnu mi jẹ ọmọ kan níyà lórí rẹ̀.

Ní ọdún 2011, Ìkòtún ni mo ń gbé, mo sì ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní ìhà Ẹ̀gbẹ́dá. Bí o bá mọ agbègbè Alímọ̀ṣọ́, o kò ní ṣàì mọ bí èrò ti pọ̀ níbẹ̀ tó. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, iye ènìyàn tí a kà ní ìjọba ìbílẹ̀ yìí nìkan lé ní mílíọ̀nù kan. Ní aago mẹ́rin ìdájí, àwọn agbèrò ti ń ké ní oríta Ìkòtún pé, 'Òṣòdì! Òṣòdì!', ariwo náà kì í sì í rọlẹ̀ títí di ọ̀gànjọ́ òru. Mo máa ń rò nígbà náà pé kò sí bí ènìyàn ṣe lè dá wà ní irú ibẹ̀. Mo ti mọ̀ nísinsìnyí pé ènìyàn lè rì sínú èrò gẹ́gẹ́ bí ó ti lè rì sínú omi.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi tí n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún 16 ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, òun ni ó máa ń na ọwọ́ kí n tó bèèrè ìbéèrè tán. Nígbà tí ó yá, ó kó lọ sí ìjókòó ẹ̀yìn. Ó ń sùn nínú kíláàsì, kò ṣe iṣẹ́ àmúrelé mọ́, ó fi bọ́ọ̀lù gbígbá sílẹ̀, bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá sì fi ọwọ́ kàn án, a kanra mọ́ ọn. Mo pè é ní ọ̀lẹ níwájú gbogbo ènìyàn. Ní ọjọ́ kan tí mo bi í ní ìbéèrè, tí ó kàn ń wò mí láìfọhùn, mo wí pé, 'Àbí Yábàá Left ni kí a mú ọ lọ ni?' Gbogbo kíláàsì bú sí ẹ̀rín. Ọmọ Èkó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí: ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ tí ó wà ní Yábàá, tí ìjọba ti dá sílẹ̀ láti ọdún 1907, ni a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí sáà náà parí, ọmọ náà kò padà wá mọ́. N kò bèèrè rẹ̀.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, nígbà òjò, ó kàn mí. Má ṣe rò pé àjálù ńlá kan ni ó ṣẹlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi àtàtà kan ti kú ní ọdún mẹ́ta ṣáájú, mo sì ti sunkún rẹ̀ tán. Owó ilé ti pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n mo ń san án. Oorun ni ó kọ́kọ́ fi mí sílẹ̀. Aago mẹ́ta òru ni ojú mi máa ń là, n ó sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀, n ó máa ka ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ti ṣẹ̀ láti kékeré, títí tí ohùn àwọn agbèrò yóò fi gbà mí lọ́wọ́ ara mi. Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ kò dùn mọ́. Àkàrà gbígbóná àti ẹ̀kọ, tí mo ti fẹ́ràn láti ìgbà èwe, wá dà bí ìwé lẹ́nu mi. Ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì kún orí tábìlì mi láìsí ẹni tí ó máàkì wọn. Bí mo bá ka ìlà kan, kí n tó dé òpin rẹ̀ mo ti gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀. Ara mi wúwo bí ti ẹni tí ó ru àpò sìmẹ́ńtì. Ìyàwó mi a máa sọ ọ̀rọ̀ tí ó ń pa àwọn ọmọ lẹ́rìn-ín. Mo ń gbọ́ ọ, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í dé ọ̀dọ̀ mi. Èyí tí ó burú jù ni pé mo gbà pé ìwà mi ni. Mo ń wí fún ara mi pé ọ̀lẹ ni mí, pé aláìmoore ni mí, pé àwọn tí ìyà wọn ju tèmi lọ ń rẹ́rìn-ín ní oríta.

Gbogbo ará ilé ni ó fún àìsàn náà ní orúkọ, kò sì sí èyí tí ó bá a mu nínú àwọn orúkọ náà. Wọ́n kọ́kọ́ ní ibà ni. Mo lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí kò lọ, wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n fún mi ní àgbo mu. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní iṣẹ́ ayé ni, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ẹni tí ó ṣe é. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ní ìgbéraga ni, pé nítorí a fẹ́ fi mí ṣe igbákejì ọ̀gá ni mo ṣe dẹ́kun kíkí wọn. Mo rò pé mo ń fi í pamọ́, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń rí i. Ohun tí wọ́n ń rí ni wọn kò mọ̀.

Obìnrin kan ni ó mọ̀ ọ́n. Ó ń din àkàrà ní ìkóríta àdúgbò wa, ojoojúmọ́ ni mo sì máa ń kí i bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó fi agbada rẹ̀ sílẹ̀ lórí iná, ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

'Tíṣà,' ó wí, 'ó ti tó oṣù kan tí ẹ kò kí mi mọ́. Kì í ṣe pé mo ń bínú o. Bí ẹ ti ń rìn yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni àbúrò mi ọkùnrin ṣe ń rìn. Àwa wí pé ó ń gbéraga ni.'

Mo ní, 'Ìyá, kò sí nǹkan. Iṣẹ́ ló pọ̀.'

'Òun náà wí pé iṣẹ́ ló pọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ bi yín ní ohun tí n kò bi òun. Ṣé kì í ṣe pé ẹ ń rò ó pé ẹ ìbá kúkú kú?'

Ọ̀rẹ́ mi, ó ti di ọjọ́ mọ́kànlá tí mo ti ń rò ó. N kò sọ ọ́ fún ìyàwó mi. N kò sọ ọ́ nínú àdúrà pàápàá. Nígbà tí obìnrin yìí fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ jáde lẹ́bàá ọ̀nà, nínú èéfín epo, ìtìjú tí mo ti rò pé yóò bò mí mọ́lẹ̀ kò dé. Omi ni ó bọ́ lójú mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò pariwo, kò wàásù fún mi, kò sì bú mi. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ wá dúró ti agbada, ó bá mi rìn padà sí ilé, ó sì sọ ọ́ fún ìyàwó mi níṣojú mi. Ọjọ́ náà gan-an ni àwa mẹ́ta lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. N kò mọ iye tí ó yẹ kí ó pa ní ọjọ́ náà, n kò sì tíì lè san án padà títí di òní.

Dókítà tí a bá níbẹ̀ jẹ́ obìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ lọ. Ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, bóyá ibà tàbí àìtó ẹ̀jẹ̀ ni, nítorí pé àwọn wọ̀nyí náà a máa mú kí ara wúwo. Lẹ́yìn náà ni ó wá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Láti ìgbà wo ni inú mi ti rí báyìí? Ṣé lójoojúmọ́ ni? Ohun tí ó máa ń dùn mọ́ mi tẹ́lẹ̀, ṣé ó ṣì ń dùn mọ́ mi? Oorun ńkọ́? Oúnjẹ ńkọ́? Nígbà tí mo dáhùn tán, ó wí fún mi pé ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn dókítà fi ṣe òṣùwọ̀n. Bí ìbànújẹ́, tàbí kí ohunkóhun má wu ènìyàn mọ́, bá bá a gbé ní ọ̀pọ̀ wákàtí ojúmọ́, lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí oorun rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀, agbára rẹ̀ àti ìrònú rẹ̀ sì yí padà, a kò gbọdọ̀ pè é ní ìwà mọ́. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Tèmi ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Ó kọ ìwé lé mi lọ́wọ́ sí Yábàá.

Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, mo rántí ọmọ náà. Mo fa fìlà bo ojú kí ẹni tí ó mọ̀ mí má baà rí mi. Ṣùgbọ́n inú ọgbà náà kò dà bí ohun tí mo ti fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ènìyàn jókòó lórí bẹ́ńṣì, wọ́n mú káàdì lọ́wọ́: oníṣòwò, akẹ́kọ̀ọ́, ìyá tí ó pọn ọmọ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí wọn ní ilé ìwòsàn gbogbo. Ẹnikẹ́ni kò fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè mí. Wọ́n fún mi ní oògùn, wọ́n sì dá ọjọ́ fún mi tí n ó máa wá bá ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbọ́ tẹnu ènìyàn kí ó sì tọ́ ọ sọ́nà. Oògùn náà kì í ṣe idán. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n tó rí iṣẹ́ rẹ̀, àti pé bí ara bá yá, kí n má ṣe fi ọwọ́ ara mi dá a dúró. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin mo sùn di aago márùn-ún. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, àkàrà padà di àkàrà.

Nígbà tí ara mi le, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé kà lórí ohun tí ó ṣe mí. Bí o bá dé Abẹ́òkúta, béèrè Aró. Ibẹ̀ ni Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, tí ó jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ọdún 1954 tí gbogbo ayé gbọ́ nípa rẹ̀. Dípò kí ó ti àwọn aláìsàn mọ́lé, ó ní kí wọ́n máa gbé ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, kí ẹbí olúkúlùkù wà pẹ̀lú rẹ̀, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú, kí wọ́n sì padà sáàárín ènìyàn. Òun àti Dókítà Alexander Leighton ará Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wádìí ọ̀rọ̀ àìsàn ọkàn ní Abẹ́òkúta àti ní àwọn abúlé agbègbè rẹ̀, wọ́n sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1963. Ohun kan nínú ohun tí wọ́n rí kò kúrò lọ́kàn mi. Àwọn ará ibẹ̀ mọ àìsùn. Wọ́n mọ àìlèjẹun. Wọ́n mọ ẹkún tí kò nídìí. Wọ́n mọ kí agbára tán nínú ènìyàn, kí ayé sì sú u. Ṣùgbọ́n wọn kò ní orúkọ kan ṣoṣo tí ó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí àìsàn kan. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ilé tèmi rí. Ẹnì kan mú ibà, ẹnì kan mú jẹ̀díjẹ̀dí, ẹnì kan mú ìgbéraga, èmi mú ọ̀lẹ. Kò sí ẹni tí ó kó wọn sójú kan wò, àfi obìnrin tí ojú rẹ̀ ti rí i rí.

Kíkó wọn jọ yìí ni mo fẹ́ kí o kọ́. Ìbànújẹ́ lásán kì í ṣe àìsàn. Bí o bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC, tàbí bí òbí rẹ bá kú, yóò dùn ọ́, ó sì yẹ kí ó dùn ọ́. Ṣùgbọ́n láàárín ẹkún náà ọ̀rẹ́ lè sọ ọ̀rọ̀ kan kí o rẹ́rìn-ín, ebi lè pa ọ́, ọjọ́ kan a sì fúyẹ́ ju èkejì lọ. Àwọn àgbà wí pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mú kì í ríran. Nínú ọ̀dọ́ bíi tìrẹ, ó tilẹ̀ lè má fara hàn bí ẹkún rárá. Ìkanra ni a lè rí, tàbí orí fífọ́ àti inú rírun tí a kò rí ìdí rẹ̀, tàbí oorun àsùnjù, tàbí kí máàkì ọmọ tí ó mọ̀wé já wálẹ̀ lójijì. Ní ọdún 1960, Dókítà Raymond Prince, ará Kánádà kan tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Aró, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí wọ́n ń ráhùn pé orí ń gbóná, pé ojú ń ṣú, pé ohun tí wọ́n ń kà kò yé wọn mọ́. Àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lórí àìsàn náà láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbà pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí àníyàn ni ó máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Mo mọ òbí púpọ̀ ní Ìgándò àti Ìkòtún tí yóò wí fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé fóònù ni ó ń bà á jẹ́. Fóònù lè wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gbígba fóònù lọ́wọ́ aláìsàn kì í ṣe ìtọ́jú.

Bí o bá ti ka ọjọ́ tí ó pé ọ̀sẹ̀ méjì, sọ ọ́ jáde. Ẹni tí ó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Sọ ọ́ fún òbí rẹ, tàbí olùkọ́ tí ọkàn rẹ balẹ̀ sí, tàbí nọ́ọ̀sì. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá sọ pé ojo ni ọ́, má ṣe gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Lọ bá ẹnì kejì, lọ bá ẹnì kẹta. Bí wọ́n bá ní kí o gbàdúrà, gbàdúrà. Èmi náà gbà á, mo sì lo oògùn mi. Ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba wà ní Ìgándò, ilé ìwòsàn ti Yábàá sì ní ẹ̀ka kan ní Òṣòdì tí ó wà fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́.

Ọ̀rọ̀ ikú nìkan ni kò ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ó bá wá sí ọ lọ́kàn pé ó sàn kí o kú, ọjọ́ náà gan-an ni kí o sọ ọ́, má sì ṣe dá nìkan wà títí ìwọ yóò fi rí ẹni gbọ́ ọ. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá sọ irú rẹ̀ fún ọ, tí ó sì mú ọ búra pé o kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, sọ fún àgbàlagbà kí oòrùn tó wọ̀. Ọ̀rẹ́ tí ó bínú sàn ju ọ̀rẹ́ tí ó sọnù. Má sì ṣe bẹ̀rù láti bi í ní gbangba, nítorí pé ìbéèrè kì í gbin ikú sí ènìyàn lọ́kàn. Àwọn ènìyàn wa a máa wí pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. N kò bá àgbà jà. Ṣùgbọ́n àìsàn kì í ṣe ẹ̀sín, òwe náà kò sì kan aláìsàn. Àwọn kan tún ń bẹ̀rù ọlọ́pàá, nítorí pé òfin àtijọ́ ka ẹni tí ó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ sí ọ̀daràn tí a lè fi sẹ́wọ̀n ọdún kan. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 ní kí ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé kí a gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí ó kàn ń rò ó, tí ó sì sọ ọ́ jáde, kò ṣẹ̀ sí òfin kankan.

Ní ọdún 2013 ni mo tó wá ọmọ náà lọ. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀fọ́ ní ọjà Ìkòtún. Òun ni ó mú mi dé ilé wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní ọmọ náà kì í jáde, pé wọ́n ti fi í sí ẹnu iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Mo ní kí ó dìde, mo sì wí fún un pé, 'Mo ṣẹ̀ ọ́. Ohun tí ó ń ṣe ọ́ nígbà náà ti ṣe èmi náà.' Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ohunkóhun pamọ́. Nígbà tí mo dárúkọ Yábàá, ó gbé ojú sókè wò mí.

'Ta ló sọ fún yín pé àìsàn ni, sà?'

'Ìyá alákàrà àdúgbò wa ni. Ó bi mí léèrè.'

Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó wí pé, 'Kò sí ẹni tí ó bi èmi.'

Mo sì bi í. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ìdáhùn rẹ̀, ó sì fi etí ìró nu ojú. Oòrùn kò tíì kan àtàrí nígbà tí àwa mẹ́ta jáde sí oríta Ìkòtún, tí a wọ ọkọ̀ Òṣòdì.